Ẹ Bi Bàbá Wáyà: Gáàsì Fúyẹ́, Ìgò Rẹ̀ Ni Ò Fúyẹ́

Lóṣù tó kọjá, gbólóhùn kan péré ni mo jù sí ìparí abala yìí: pé mo ń kọ́ dúróònù kan tó ń lo gáàsì háídrójìn dípò bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Àṣé iná ni mo fi sí koríko. Àtẹ̀jíṣẹ́ kún fóònù mi débi pé ọmọ iṣẹ́ mi kékeré ní kí n lọ ra fóònù mìíràn. Ẹnì kan ní irọ́ ni mò ń pa. Wẹ́dà kan láti Ìgbọ̀nà ò tilẹ̀ kọ̀wé ní tiẹ̀. Ó gbé sìlíńdà lé ọ̀kadà, ó wá bá mi. Mo ti ṣa èyí tí mo lè dáhùn. Ẹ̀yin tí fáànù yín ò yí mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Bàbá Wáyà, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi kọ́ dúróònù alábẹ̀bẹ̀ mẹ́fà fún iṣẹ́ àṣejáde wa. Kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ lókè tí bátìrì fi ń kú. A fẹ́ kó máa fò fún wákàtí mẹ́ta. Ọ̀gá wa ní ká lo fuel cell. Ṣé ká kàn yọ bátìrì, ká gbé fuel cell sípò rẹ̀ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ẹdẹ

Ọmọ mi, má tíì yọ nǹkan kan. Gbé òṣùwọ̀n wá ná. Tèmi, ọwọ́ ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ọjà Ọba ni mo ti rà á, ó ṣì ń rùn di òní, ṣùgbọ́n kì í purọ́. Gbé dúróònù yín lé e lódindi, kí o tún wá gbé bátìrì nìkan lé e. Kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Inú wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Fuel cell kì í ṣe bátìrì. Bátìrì kó iná sínú, ó ń ná an. Fuel cell ò kó nǹkan kan pamọ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi plátínọ́ọ̀mù ra lójú méjèèjì: háídrójìn ń wọlé lápá kan, afẹ́fẹ́ lápá kejì, àwọn méjèèjì pàdé di omi, iná sì gba inú wáyà jáde. Kò sí ohun tó ń jó níbẹ̀, kò sí písítìnì. Kì í ṣe nǹkan àná náà. Ọdún 1839 ni William Grove ti kọ́kọ́ rí i pé ó ṣeé ṣe, àwọn Amẹ́ríkà sì gbé e lọ sí òfurufú nínú ọkọ̀ Gemini 5 ní 1965.

Wo ìyá alákàrà. Agbada rẹ̀ ló ń sọ iye àkàrà tó lè dín lẹ́ẹ̀kan. Abọ́ ẹ̀wà lílọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tó máa dìde nídìí iná. Fuel cell ni agbada, ìgò gáàsì ni abọ́ ẹ̀wà. Bí dúróònù yín bá ń jẹ iná púpọ̀, agbada ńlá lẹ máa rà. Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lókè, abọ́ ńlá ni. Méjèèjì ló wúwo, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ sì máa san owó wọn.

Ó yá, jẹ́ ká ṣírò. Dúróònù alábẹ̀bẹ̀ tó dúró sójú kan lókè, kílò kọ̀ọ̀kan rẹ̀ a máa jẹ bí wáàtì 150 sí 200. Jẹ́ ká mú 170. Bí tiyín bá jẹ́ kílò 10, wáàtì 1,700 nìyẹn, ó ju áyọ́ọ̀nù tí o fi ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Ká ní kílò 4 nínú rẹ̀ jẹ́ bátìrì LiPo. Kílò kan LiPo ń gbé bí wáàtì-wákàtí 180 (wáàtì kan fún wákàtí kan ni wáàtì-wákàtí kan), ẹ ò sì gbọdọ̀ ná kọjá ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bí ẹ ò bá fẹ́ kó wú bí búrẹ́dì. Ohun tó kù fún yín ni wáàtì-wákàtí 576. Pín in sí 1,700: ogún ìṣẹ́jú. Bátìrì yín ò burú, iṣẹ́ tí ẹ gbé lé e lọ́rùn ló pọ̀.

Ẹ wá wo gáàsì. Gíráàmù kan háídrójìn ní wáàtì-wákàtí 33 nínú. Fuel cell á sọ nǹkan bí ìdajì di iná, ìyókù á di ooru. Kílò kan á fún yín ní bí 16,000 wáàtì-wákàtí. Kílò kan bátìrì, 180. Kílò kan gáàsì, 16,000! Ibí yìí ni gbogbo èèyàn ti máa ń pariwo. Èmi náà pariwo, agogo méjì òru, ìyàwó mi rò pé olè wọlé.

Ìgò ni wọn kì í sọ fún èèyàn. Háídrójìn ló fúyẹ́ jù nínú gbogbo gáàsì, ìdí nìyẹn gan-an tó fi ṣòro láti kó sínú nǹkan. A gbọ́dọ̀ fún un mọ́ inú ìgò dé bar 300 tàbí 350 kó tó wọ̀ dáadáa. Táyà mọ́tò, bar 2 àti díẹ̀ ni fọkanáísà ń fún un. Ìgò lítà 7 tí wọ́n fi okùn carbon wé, ní bar 300, gíráàmù 144 péré ló ń gbà. Ìgò náà fúnra rẹ̀ tó bí kílò 3. Ẹni tó fi àpótí irin gbé ẹ̀pà nìyẹn.

Gíráàmù 144 yẹn á mú wáàtì-wákàtí 2,400 wá. Fuel cell tó lè gbé wáàtì 1,700, pẹ̀lú fáànù rẹ̀ àti regulator tó ń dín agbára gáàsì kù, ẹ fi sí kílò 3 àbọ̀. Bátìrì kékeré tó máa ràn án lọ́wọ́, ìdajì kílò. Kílò 7 nìyẹn. Kílò 4 lẹ yọ, 7 lẹ dá padà. Dúróònù yín ti di kílò 13, ó ń jẹ wáàtì 2,200, fuel cell tí ẹ rà fún 1,700 ò sì gbé e mọ́. Ẹ lọ ra èyí tó tóbi jù ú lọ, òun náà tún wúwo sí i. Nígbà tí ẹ bá fi máa bá a débi tó gbéra, wákàtí kan ló máa fò. Láti ogún ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, kì í ṣe nǹkan kékeré o. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta kọ́.

Torí náà, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni dúróònù yín fẹ́ gbé? Ẹ jù gbogbo ohun tí kò bá iṣẹ́ lọ sílẹ̀. Iná tí abẹ̀bẹ̀ gígùn tó ń yí jẹ́jẹ́ ń jẹ kéré sí ti kékeré tó ń sáré. Bí ìrìn yín bá jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ dúró sórí bátìrì, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìwúwo agbada nìkan á ti jẹ èrè yín. Bí ó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta lóòótọ́, ẹ ka ìdáhùn tó tẹ̀lé èyí.

Bàbá, mo wà lára àwọn tó ń rìn lábẹ́ wáyà 330 kV nínú igbó, ká lè mọ ibi tí igi ti fẹ́ kan wáyà àti ibi tí wọ́n ti tú irin ara òpó lọ. Ṣé dúróònù yín lè gbà wá lọ́wọ́ ejò? — Òṣìṣẹ́ iná, Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu igbó o. Ìlú wa yìí ni yàrá tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, iná tọ́ọ̀ṣì fóònù sì ni mo fi ń kọ èsì yín yìí. Ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ti dúróònù alábẹ̀bẹ̀. Alápá ni. Ẹ wo àwòdì: ó lè yípo lókè Odò Ọ̀ṣun fún ìgbà pípẹ́ láìju apá lẹ́ẹ̀kan. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé apá rẹ̀. Dúróònù alápá náà rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kàn ń tì í síwájú ni. Kílò 10 tó ń jẹ wáàtì 1,700 bó bá jẹ́ alábẹ̀bẹ̀, bó bá ní apá gígùn tó tinrín, wáàtì 250 lè tó o. Ìgò kan náà, gáàsì kan náà: pín 2,400 sí 250, ó lé ní wákàtí mẹ́sàn-án. Wákàtí mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ Ẹdẹ ń wá, ara apá ló wà.

Kì í ṣe àlá tèmi. Naval Research Laboratory, ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, kọ́ ọ̀kan tí wọ́n pè ní Ion Tiger. Ní 2009, ó fi fuel cell wáàtì 550 fò fún wákàtí 26 àti ìṣẹ́jú 1. Wáàtì 550! Ẹ̀rọ ìlọta ìyàwó mi tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2013, wọ́n yọ gáàsì tí wọ́n fún pọ̀, wọ́n fi háídrójìn olómi sí i, ó di wákàtí 48 àti ìṣẹ́jú 1. Háídrójìn olómi kò nílò ìgò líle, irú fúláàsì ni wọ́n ń kó o sí, ìyẹn ló ṣe fúyẹ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Kòríà, MetaVista, fi òun kan náà gbé alábẹ̀bẹ̀ sókè fún ohun tó lé ní wákàtí 12 ní 2019. Ẹ má bi mí léèrè pé kí ló dé tí n ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tutù dé 253 nísàlẹ̀ òdo. Ní Òṣogbo, níbi tí ẹlẹ́ja ti ń sunkún torí yìnyín?

Fún iṣẹ́ yín, èyí tí mo máa kọ́ nìyí: alápá tó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin fún ìgbéra àti ìbalẹ̀ nìkan, torí kò sí pápá ọkọ̀ òfurufú nínú igbó. Kí fuel cell jẹ́ wáàtì 500, kó máa bójú tó ìrìn. Ìṣẹ́jú kan tó fi ń gbéra tó ń jẹ 1,700, bátìrì ni kó ru ìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí fuel cell máa fi ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ dá ẹ̀mí bátìrì padà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ra fuel cell tó tó gbéra, ẹrù tó fi ìṣẹ́jú kan lò ni yóò máa gbé kiri fún wákàtí mẹ́sàn-án. Àṣìṣe yìí ni mo rí jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa.

Ẹ sì jìnnà sí wáyà náà. Iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá lè mú kọ́ńpáàsì dúróònù ṣìnà. Bí ẹ bá fẹ́ wo nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lórí òpó, alábẹ̀bẹ̀ kékeré onibátìrì ló lè dúró wò ó. Alápá ò mọ ìdúró.

Bàbá, gáàsì kábáídì mi ń jó dáadáa, kí ló dé tí kò lè wọ inú ẹ̀rọ yín? Bó bá sì jẹ́ háídrójìn dandan, ṣé n ò lè fi sìlíńdà gáàsì ìdáná bá yín ṣe ìgò tí ò wọ́n? — Wẹ́dà, Ìgbọ̀nà

Ọ̀gá wẹ́dà, mo ti sọ ọ́ fún yín lójú, n ó tún un sọ kí àwọn ìyókù lè gbọ́. Rárá, ẹ̀ẹ̀méjì. Gáàsì tó ń jáde lára kábáídì, asẹ́tílìnì ni. Ó dára fún irin. Fuel cell tèmi, háídrójìn tó mọ́ nìkan ló ń jẹ; ìdọ̀tí tó bá bá a wọlé á lẹ̀ mọ́ plátínọ́ọ̀mù, á sì jókòó sí àyè tó yẹ kí háídrójìn jókòó. Háídrójìn tí mò ń rà, mo máa ń sọ fún wọn pé 99.999 ni mo fẹ́, mo sì ń gba ìwé rẹ̀.

Ti sìlíńdà ìdáná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò níbì kankan nítòsí ènìyàn tí mo mọ̀. Wọn ò ṣe é fún ìdá kan nínú mẹ́wàá bar 300. Háídrójìn kéré débi pé ó ń wọ inú irin mìíràn, ó ń sọ ọ́ di gbẹrẹfu, ojú ibi tí ẹ ti jó irin pọ̀ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ló sì máa kọ́kọ́ là.

Ohun kan wà tí ẹ mọ̀ tó lè ṣì yín lọ́nà. Gáàsì ìdáná, bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń rá lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Háídrójìn, àjà ló ń lọ. Èmi ti lu ihò méjì sókè ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, lábẹ́ páànù gan-an. Láti ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ títí dé 75 ló lè gbaná, iná rẹ̀ kì í sì í hàn lójú ọ̀sán. Ìfófó ọṣẹ ni mo fi ń wá ibi tó ń jò. Ẹ po ọṣẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rà á mọ́ gbogbo orí ìsopọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Bí ó bá ń jò díẹ̀, ìfófó kékeré bí ẹyin iná orí ló máa kọ́kọ́ yọ.

Ẹ tún béèrè bí mo ṣe ń rọ gáàsì. Sìlíńdà irin ńlá lítà 50 ni mo ń rà, bar 150. Bí mo bá so ó mọ́ ìgò lítà 7 mi, méjèèjì á pín agbára náà dọ́gba, yóò dúró ní bí bar 131. Kò lè dé 300 láéláé bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń tì í, owó ẹ̀rọ yẹn sì ju owó mọ́tò mi lọ. Torí náà gíráàmù 70 ni mò ń gbé fò, kì í ṣe 144. Ẹ rántí ìyẹn bí ẹ bá ń ka ohun tí àwọn tó ń tà á kọ sára páálí.

Ọmọ mi ọdún 14 ka abala yín. Ó da iyọ̀ sómi, ó fi wáyà bátìrì mọ́tò bọ̀ ọ́, ó ń hó, gbogbo ilé ń rùn bí Hypo. Ó ní háídrójìn lòun ń ṣe fún Bàbá Wáyà. Ṣé kí n nà án ni? — Ìyá kan, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má nà án. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì da omi náà nù síta. Iyọ̀ ni ìṣòro: òórùn Hypo yẹn, gáàsì klórìn ni, ó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Háídrójìn ń jáde lóòótọ́ lára wáyà kejì, ọmọ yẹn ò purọ́. Ẹ sọ fún un pé kí ó tó rọ ìgò mi kún lẹ́ẹ̀kan ní bar 300, iná tó máa jẹ tó kílówáàtì-wákàtí 7 àbọ̀, ìyẹn bátìrì mọ́tò bíi mẹ́wàá kó kú pátápátá. Bó bá gbọ́ èyí tó ṣì fẹ́ máa ṣe é, ẹ mú un wá bá mi ní ọjọ́ Sátidé.

Mo rí fuel cell àlòkù kan tí wọ́n kọ 26 V sí lára. ESC mi, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí mọ́tò dúróònù, bátìrì 6S (alábala mẹ́fà) ni wọ́n ṣe é fún. Ṣé wọ́n bára mu, ọ̀gá? — Oníṣẹ́ ọwọ́, Ìkìrun

Àbúrò, owó tí ìdáhùn yìí gbà mí kò kéré.

Èmi náà ra àlòkù. 26 V ló wà lára tèmi náà. Bátìrì 6S tó kún jẹ́ 25.2 V, mo ní ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Mo so ó mọ́ ESC tààrà, mo ṣí gáàsì. Pàá! Èéfín. Ọmọ iṣẹ́ mi ti dé ẹnu títì kí n tó yíjú.

Ka iye abala tó wà nínú rẹ̀: awọ kan pẹ̀lú plátínọ́ọ̀mù rẹ̀ ni abala kan, wọ́n sì tò wọ́n pọ̀ bíi búrẹ́dì tí a gé. Tèmi jẹ́ 40. Bí abala kọ̀ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, ó ń fún wa ní nǹkan bí 0.65 V: ìlọ́po 40, 26 V nìyẹn, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹrù kankan lórí rẹ̀, abala kan ń sún mọ́ 0.95 V. Ìlọ́po 40, ó di 38. ESC mi gba 38 V kí mọ́tò tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Bátìrì kì í fò sókè báyẹn, ìdí nìyẹn tí ojú wa ò fi mọ́ ọn. Fi DC-DC converter sí àárín wọn, èyí tó lè gba 40 V wọlé, kó sì máa gbé 24 jáde. Mọ̀ pé òun náà máa jẹ díẹ̀ nínú iná rẹ, ó sì ní ìwúwo tiẹ̀.

Kí o tó sanwó, ní kí ẹni tó ń tà á ṣí i síṣẹ́ lójú rẹ pẹ̀lú ẹrù, kí o fi mítà wọn abala kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí gáàsì lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ náà, mo sì gbà. Abala 17 àti 18 ni wọ́n ti kú díẹ̀ kí n tó délé.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ wá ńkọ́? Awọ inú fuel cell gbọ́dọ̀ rin díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Irú tiwa yìí, fáànù rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé tààrà, òun náà ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Nínú oṣù kẹsàn-án, kò sí wàhálà. Ní oṣù kejìlá, nígbà tí ètè ń bẹ́ tí páànù ń ké, afẹ́fẹ́ yẹn ń fa omi jáde lára awọ ju bí awọ ṣe ń ṣe é lọ. Mo rí i tí mítà ń sọ̀kalẹ̀: 26, 24, 21. Ìwà òmùgọ̀ tí mo wá hù ni pé mo fi ẹrù kún un, mo rò pé bóyá á jí. Ó bọ́ sí 19. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ ẹ́: iná díẹ̀, ìsinmi, iná díẹ̀, ìsinmi, láàárọ̀ kùtù nígbà tí ìrì ṣì wà. Ó padà dé 24. Kò dé 26 mọ́ láti ìgbà náà.

Nígbà ọyẹ́, mo máa ń fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ẹnu ibi tó ń gbà fa afẹ́fẹ́, torí eruku. N kì í sì í ṣí i mọ́ tí jẹnẹrétọ̀ gẹrígẹrí ẹ̀gbẹ́ mi bá ń ṣiṣẹ́. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní carbon monoxide nínú, plátínọ́ọ̀mù sì fẹ́ràn rẹ̀ ju háídrójìn lọ. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó di ẹ̀bẹ̀. Gẹrígẹrí náà ti mọ̀. Bó bá fẹ́ ta iná sí jẹnẹrétọ̀, ó máa ń pè mí: “Bàbá, ẹ pa ọmọ yín o!”

Ṣé èèyàn nílò ìwé àṣẹ kó tó fò ó? — Ìlobùú

Ó nílò rẹ̀. Ìwé NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, àti ti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààbò Orílẹ̀-èdè, ONSA. Kì í ṣe torí gáàsì. Ti onibátìrì náà nílò rẹ̀. Ẹ má sì gbé e sókè lójú ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ torí ẹ rí èèyàn púpọ̀, bí ẹ ò bá ní ìwé.

Ẹ ń ṣírò fún wa láti òkè délẹ̀. Tiyín ńkọ́, ṣé ó ti fò? — Àgbà kan, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ẹ kú àgbà, sà. Ó ti fò lẹ́ẹ̀kan.

Olùkọ́ yunifásítì kan tó ní ìwé àṣẹ ló bá wa darí rẹ̀, ní pápá kan lójú ọ̀nà Ìkìrun. Kílò 9 àti díẹ̀ ni, apá rẹ̀ láti ìkángun kan dé èkejì jẹ́ mítà 3.4. Agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀ láàárọ̀ ló gbéra. Gíráàmù 70 ló wà nínú ìgò, wáàtì 280 ló ń jẹ, mo ti ṣírò wákàtí mẹ́rin, mo sì ti gbé ìrẹsì wá pẹ̀lú ẹran. Ó ń yípo lókè orí wa, kò pariwo ju ẹ̀fọn lọ. Àwọn darandaran méjì dúró, wọ́n wò ó, wọ́n lọ.

Ìgbà tó pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 52, fuel cell pa ara rẹ̀. Bátìrì kékeré gbà á, olùkọ́ náà sì gbé e balẹ̀ jẹ́jẹ́. Gọ́ọ̀jì ìgò ṣì ń sọ bar 70. Gáàsì kọ́ ló tán. Ooru ni. Mo ti sọ fún yín lókè pé ìdajì agbára gáàsì ń di ooru. Bí mo bá ń mú wáàtì 280 jáde fún mọ́tò, bí wáàtì 280 mìíràn ń se inú ọkọ̀ náà bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Èmi tí mo ń kọ gbogbo èyí fún yín, ihò tí mo lu sí imú rẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ò ju ẹnu ife tíì lọ, torí mo fẹ́ kó máa sáré geere. Nígbà tí oòrùn gun orí, ooru fuel cell dé ìwọ̀n 65, ó sì ní kí a máa jẹ́ kó sinmi.

A ti gé imú náà gbòòrò báyìí. Páálí mílíìkì ni a fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, ó ṣì wà lórí tábìlì mi. Lọ́jọ́ yẹn, bí a ṣe ń tú apá rẹ̀ láti gbé e sínú mọ́tò, ọmọ iṣẹ́ mi kékeré ké pé nǹkan ń jò nídìí dúróònù. Túùbù kékeré tí fuel cell fi ń tu omi dànù ló ń kán: tó, tó, tó, sórí bàtà rẹ̀. Mo ní omi ni, pé háídrójìn tí a lò lókè ló di èyí. Kò gbà mí gbọ́. Ó fi ìka gbà á, ó tọ́ ọ wò, ó sì wò mí.

“Ọ̀gá, kò dùn, kò korò.”